Josephine Butler, Agbèjà Àwọn Obìnrin tí kò ní Agbèjà

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ọdọọdún wa yìí ni ìtàn irọ́ kan tí ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ogún ọdún lọ, àti ìtàn obìnrin kan tí kò fi ara rẹ̀ lọ́rùn sinmi títí òtítọ́ fi lé irọ́ náà bá. Irọ́ náà ni pé ó tọ́ kí a fi ipá mú ara obìnrin, kí ara ọkùnrin lè le. Obìnrin náà ni Josephine Butler.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1828 ni a bí i ní Milfield, ní Northumberland, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀, John Grey, jẹ́ ọlọ́gbọ́n nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ àti alámòójútó ilẹ̀, ó sì jẹ́ ìbátan Ọlọ́lá Earl Grey, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba ní ọdún 1833 nígbà tí a ṣe òfin tí ó fi òpin sí ìmúnilẹ́rú ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. John Grey kórìíra òwò ẹrú tọkàntọkàn, ó sì máa ń sọ ìwà ìkà òwò náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá kò lè ka èyí bí ìtàn ará òkèèrè lásán, nítorí nínú ìjà kan náà ni a ti gba ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣogùn kan sílẹ̀ lórí omi ní ọdún 1822, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ohun tí Josephine gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ kò kúrò nínú rẹ̀ mọ́: pé kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ ara ẹlòmíràn di ohun èlò, bí òfin tilẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1852, ó fẹ́ George Butler, ọ̀mọ̀wé kan tí ó di àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ní Oxford. Níbẹ̀ ni ìyàwó ọ̀dọ́ yìí ti kọ́kọ́ rí i pé òṣùwọ̀n méjì ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ń lò. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ dẹ́ṣẹ̀ kan náà, ti ọkùnrin a di àṣìṣe ìgbà èwe, ti obìnrin a sì di àbùkù tí kò ní ìdáríjì. Ó gbọ́ nípa ọmọbìnrin kan tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Newgate nítorí pé ó pa ọmọ tí ó bí fún ọkùnrin kan ní Oxford, ọkùnrin tí ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ń rìn káàkiri ní òmìnira, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Nígbà tí ọmọbìnrin náà pé ọjọ́ rẹ̀ lẹ́wọ̀n, George àti Josephine mú un wá sí ilé wọn, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ ṣe. Èyí ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tí ì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wọn, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan. Eva ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ní ọdún 1864, nígbà tí wọ́n ń gbé ní Cheltenham, àwọn òbí rẹ̀ ti òde dé ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún márùn-ún náà sáré jáde láti pàdé wọn, ó ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn òkè, ó sì ṣubú lulẹ̀ níwájú wọn. Kò rí ilẹ̀ mọ́. Ìbànújẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí lọ sí Liverpool ní ọdún 1866, níbi tí George ti di ọ̀gá ilé-ìwé gíga kan, Josephine pinnu nínú ọkàn rẹ̀ láti wá àwọn tí ìrora wọn ju tirẹ̀ lọ rí, kí ó lè bá wọn pín in.

Kò pẹ́ tí ó fi rí wọn. Ní Brownlow Hill, ní ìlú Liverpool, ilé ńlá kan wà tí ìjọba ń kó àwọn òtòṣì sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú ilé kan. Ní abẹ́ ilé náà ni àwọn obìnrin tí kò ní ibi lọ máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi ìka tú okùn ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ àti ibi tí wọn yóò sùn. Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé yìí wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn tú okùn. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ náà. Láti inú ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ ni àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí ó ń ṣàìsàn nínú wọn lọ sí ilé ara rẹ̀, títí ilé fi kún. Lẹ́yìn náà ni ó dá ilé ìsinmi sílẹ̀ fún wọn, àti ilé mìíràn tí wọ́n ti lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni ó kọ́ ọ pé púpọ̀ nínú wọn kì bá tí wọ iṣẹ́ aṣẹ́wó bí kì í bá ṣe ebi, àti nítorí pé kò sí iṣẹ́ rere tí ó ń san owó tí ó tó fún obìnrin láti jẹun. Nítorí náà ni ó ṣe di ààrẹ ẹgbẹ́ kan ní ọdún 1867 tí ó ń jà kí àwọn obìnrin lè rí ẹ̀kọ́ gíga kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti òfin náà. Ní àkókò yẹn, àrùn tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn, àtọ̀sí àti àwọn tí ó burú jù ú lọ, ń ba àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nínú bárékè àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn aláṣẹ wá ọ̀nà láti dá àrùn náà dúró, wọ́n sì ṣe òfin ní ọdún 1864, wọ́n fi kún un ní ọdún 1866, wọ́n tún fi kún un ní ọdún 1869. Ìlú 18 ni òfin náà dé, àwọn ìlú tí ọmọ-ogun àti atukọ̀ ń gbé. Àwọn ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ ń rìn ní àdúgbò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé òun fura pé aṣẹ́wó ni obìnrin kan, ó tó. Obìnrin náà níláti lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìjọba kí ó yẹ ìhòòhò rẹ̀ wò, léraléra, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí ó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Bí a bá rí àrùn lára rẹ̀, a lè tì í mọ́ ilé ìwòsàn títí di oṣù mẹ́sàn-án. Kò sí òfin kankan tí ó sọ pé kí a yẹ ọkùnrin tí ó bá a lò wò.

Ẹ kíyè sí ibi tí ìwà ipá náà wà. A kò lù ú ní pàṣán, a kò sì dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Orí tábìlì oníṣègùn ni a ti ṣe é, pẹ̀lú irin iṣẹ́, ní orúkọ ìlera. Àwọn obìnrin tí a ṣe é sí mọ ohun tí ó jẹ́, Josephine sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó sì pè é ní orúkọ tí ó jẹ́. Obìnrin tí a bá sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọlọ́pàá, ọ̀nà àtipadà sí iṣẹ́ rere ti dí mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ó sọ pé òun ń wo àrùn sàn ṣe ń so ènìyàn mọ́ iṣẹ́ tí ó bí àrùn náà.

Ní ọdún 1869, àwọn oníṣègùn àti àwọn mìíràn tí inú wọn kò dùn sí òfin yìí bẹ Josephine pé kí ó ṣíwájú àwọn obìnrin nínú ìjà náà. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ní ayé ìgbà náà, obìnrin ọmọlúwàbí kì í dúró níwájú àwùjọ sọ̀rọ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti irú ọ̀rọ̀ báyìí, tí a kì í sọ nínú yàrá. Ó mọ̀ pé ẹrẹ̀ ibẹ̀ yóò ta sí ọkọ rẹ̀ láṣọ. Lẹ́yìn ìjàkadì púpọ̀ nínú àdúrà, ó kọ ọ̀ràn náà sínú ìwé, ó sì fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. George kà á, ó ronú, ó sì sọ fún un pé kí ó máa lọ, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1870, ìwé ẹ̀hónú wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Daily News. Obìnrin 124 ni ó kọ́kọ́ fi orúkọ sí i, Florence Nightingale, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nínú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, sì wà nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Crewe ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá. Àwọn òṣìṣẹ́ náà gbọ́ ọ kíá, nítorí ọmọ tiwọn àti àbúrò tiwọn ni ọlọ́pàá lè dá dúró ní òpópó, kì í ṣe ọmọ olówó. Ní ọdún 1870 nìkan, ó lọ sí ìpàdé 99, ó sì rin ìrìn-àjò tí ó tó máìlì 3,700. Ní ọdún kan náà, wọ́n fi ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn òfin náà, Sir Henry Storks, du ipò aṣòfin ní Colchester. Josephine lọ síbẹ̀ láti ta kò ó. Àwọn jàǹdùkú yí ilé ìtura tí ó wọ̀ sí ká, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò dáná sun ilé náà. Onílé ní kí ó jáde. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n Storks fìdí rẹmi.

Ti Pontefract ní ọdún 1872 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ yá wọn ní ilé fún ìpàdé, àyàfi òkè àká koríko kan. Bí àwọn obìnrin ti ń gbàdúrà lọ́wọ́, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ pákó gòkè. Àwọn ọkùnrin kan ti kó koríko gbígbẹ jọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti ti iná bọ̀ ọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n ń búra, wọ́n sì ń na ọwọ́ sí àwọn obìnrin náà. Àwọn ọlọ́pàá tí ó wá láti Lọ́ńdọ̀nù dúró, wọ́n ń wò. Ọlọ́run nìkan ni ó kó wọn yọ. Ẹ̀yin ará, ẹ rí i pé àwọn tí ó ń sọ pé òfin náà wà fún ìwà rere kò ráyè fi ìwà rere gbèjà rẹ̀.

Ní ọdún 1871, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí tí Ọbabìnrin yàn pe Josephine kí ó wá jẹ́rìí. Obìnrin kan ṣoṣo, níwájú àwùjọ ọkùnrin: bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀gágun, aṣòfin, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó dáhùn láìgbọ̀n. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ náà gbé ìwé rẹ̀ jáde, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a kò lè fi aṣẹ́wó wé ọkùnrin tí ó ń lọ bá a, nítorí pé owó ni obìnrin náà ń wá, ṣùgbọ́n ohun tí ara ń béèrè ni ọkùnrin náà ń ṣe. Òṣùwọ̀n méjì ti Oxford náà nìyẹn, tí a wá fi òǹtẹ̀ ìjọba lù. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn obìnrin tí àwọn Farisí mú wá síwájú Jésù nínú Ìhìn Rere Jòhánù yóò béèrè, gẹ́gẹ́ bí Josephine ti béèrè, pé níbo ni ọkùnrin náà wà.

Ọkọ rẹ̀ kò bọ́ nínú ìyà náà. Níbi àpéjọ Ìjọ ní Nottingham ní ọdún 1871, nígbà tí George dìde láti ka ìwé tí ó kọ, tí ó sì dárúkọ àwọn òfin náà, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo lé e lórí títí wọ́n fi jẹ́ kí ó jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ni yóò dí ọ̀nà ìgbéga rẹ̀. Ó gbọ́, kò sì yí padà. Ọdún 1882 ni ó tó di Kánọ́nì ní Winchester. Bí a bá ń yin Josephine, kí a má gbàgbé ẹni tí kò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn ọdún náà gùn. Ní ọdún 1875, ní Aldershot, àwọn ọlọ́pàá pàṣẹ fún opó kan, Jane Percy, olórin tí ó ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, pé kí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ó kọ̀. Wọ́n ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kò sì rí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Inú omi ni a ti rí òkú rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ náà ni ó gbọ́. Ní ọdún kan náà, Josephine ti ìrìn-àjò Faransé, Ítálì àti Switzerland dé, níbi tí òfin irú èyí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó so àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀ láti bá a jà. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ó tú àṣírí bí a ti ń tan àwọn ọmọdébìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilé aṣẹ́wó ní Brussels, tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ sì mọ̀ sí i.

Nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, James Stansfeld, ọkùnrin tí ó ti jẹ́ Mínísítà, ni ó gba ìjà náà rù, ó sì fi ipò gíga tí ì bá jẹ́ tirẹ̀ rúbọ. Àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó wá sí Ilé náà láàrin ọdún 1870 sí 1885 ju 17,000 lọ, orúkọ tí ó sì wà nínú wọn ju 2,000,000 lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1883, bí àwọn aṣòfin ti ń jiyàn, àwọn obìnrin ń gbàdúrà nítòsí ibẹ̀, ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú òtòṣì, lórí eékún kan náà. Nígbà tí a ka ìbò, ènìyàn 182 kọ àyẹ̀wò ipá, 110 gbè é. Wọ́n dá òfin náà dúró, wọ́n sì pa á rẹ́ pátápátá ní ọdún 1886. Ní àárín ọdún méjì wọ̀nyí, ní 1885, Josephine wà lára àwọn tí ó ti akọ̀ròyìn W. T. Stead lẹ́yìn nígbà tí ó tú àṣírí òwò ọmọdébìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nípa ariwo náà ni ìjọba fi gbé ọjọ́ orí tí ọmọbìnrin fi lè gbà fún ọkùnrin kúrò ní 13 sí 16.

Kò sinmi nígbà tí ó ṣẹ́gun nílé. Ó yí ojú sí Íńdíà, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo irú òfin kan náà lórí àwọn obìnrin ilẹ̀ náà, nítorí ó sọ pé ohun tí ó burú fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì burú fún ọmọ Íńdíà pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ọlọ́pàá máa lé àwọn aṣẹ́wó kiri ní orúkọ ìwà mímọ́, ó ta kò wọ́n. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó gba pàṣán lọ́wọ́ oníṣègùn kí ó tó fi lé oníwàásù lọ́wọ́ kò tí ì gba ẹni tí a ń nà sílẹ̀. George kú ní ọdún 1890. Josephine gbẹ̀yìn rẹ̀, ó sì sùn ní Wooler, ní Northumberland tí a ti bí i, ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1906. Ìjọ tí ó pariwo lé ọkọ rẹ̀ lórí ti fi orúkọ rẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà àwọn tí a ń rántí, ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún sì ni ti rẹ̀.

Kí ni a rí kọ́ nínú iṣẹ́ obìnrin yìí? Èkínní ni pé kò bẹ̀rẹ̀ láti orí pèpéle. Ó kọ́kọ́ tú okùn pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ fún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní ń gbèjà tálákà tí kò mọ orúkọ tálákà kan. Èkejì ni pé kò gbà kí ìtìjú di ìlẹ̀kùn tí ìkà ń sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí a kò lè dárúkọ, a kò lè wò ó sàn. Ẹ̀kẹta ni pé kò gba ìdáhùn tí ó sọ pé nítorí ire ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ṣe ń ni ènìyàn kan lára. Ire tí a fi ara ẹlòmíràn rà láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, olè ni.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2003, ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe òfin lòdì sí àwọn tí ń kó ènìyàn lọ tà, nítorí àwọn ọmọbìnrin wa náà ni a ń tàn lọ sí òkè òkun, títí dé ilẹ̀ Ítálì tí Josephine ti rìn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lòdì sí ìwà ipá nínú ilé ní ọdún 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní ọdún 2015. A dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò lè kan ilẹ̀kùn ilé kan. Ènìyàn ni ó ń kàn án. Bí obìnrin tí ojú rẹ̀ wú bá wá sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ, tí wọ́n sì sọ fún un pé kí ó padà lọ fara dà á, kí orúkọ ilé má baà bàjẹ́, kí ni ìyàtọ̀ wọn sí àwọn tí ó dúró tì ní Pontefract tí wọ́n ń wò? A kì í fi ìbọ̀jú bo egbò kí ó jiná. Kí a pe ọkọ náà, kí a bá a wí lójú, kí a sì wá ibi ààbò fún obìnrin náà kí a tó wá ọ̀rọ̀ ìlàjà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àgbà púpọ̀ ní ọdún 1869, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn adájọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé, gbogbo wọn sì wà lọ́jà nígbà tí orí wọ́. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú ni ó ná ọwọ́ láti tún un ṣe. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a wá ẹni tí yóò ná ọwọ́ tì láàrin wa.